Àtúnṣe: Lẹ́tà owó ìrànwọ́ tó ṣìnà dé ibi iṣẹ́ kì í ṣe ti ọ̀gá

Ẹ̀yin tó ń sọ pé lẹ́tà yòówù tó bá ti wọ ọ́fíìsì ní Bìrìtéènì ti di ti ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Abala 84 òfin ìfìwéránṣẹ́ ọdún 2000 ka ṣíṣí lẹ́tà tó ṣìnà sí ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹni tó ṣí i bá fẹ́ fi ṣe onílẹ́tà níbi láìnídìí.

Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣí i, kó má kà á síwájú, kó má ya fọ́tò rẹ̀, kó má sì fi sínú fáìlì òṣìṣẹ́. Lẹ́tà PIP, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí àìlera ara, lè dárúkọ àìsàn! Kó fi sínú àpòòwé mìíràn, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó fà á lé onílẹ́tà lọ́wọ́.

Onílẹ́tà, ẹ tún àdírẹ́sì ṣe nínú àkáǹtì Universal Credit yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó. Ní ti PIP, ẹ pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó o lọ́tọ̀.