Ta ló ní kí ẹ ri òpó sí àárín ìsọ̀ mi?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ìsọ̀ níbi ìpàtẹ ọjà ní Abuja yìí, ẹ gbà mí o. Èyí tí wọ́n ṣe fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè dá a gbé mì.

Kọ́nà písì, ìsọ̀ igun, ni mo sanwó fún. Kọ́nà písì! Ẹ mọ iye tí wọ́n ń bù lé e. Wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ìsọ̀ tò lọ rẹrẹ bí eyín àgbàdo, mítà 3 ní mítà 3. Mo jókòó tì í lóru, mo ń fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí ojú fi ń ro mí. Mi ò fẹ́ àárín, torí iwájú nìkan ló máa ń ṣí níbẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi oúnjẹ, torí àdìrẹ àti èéfín súyà kì í ṣọ̀rẹ́. Igun ọwọ́ ọ̀tún bí èèyàn bá ṣe ń wọlé ni mo mú: iwájú ṣí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣí, ògiri méjì ṣẹ́ kù tí mo lè fi aṣọ kọ́. Àdìrẹ Ìbàdàńdùn lára ògiri ẹ̀yìn, àdìrẹ Olókun lára èkejì. Mi ò ní gbé tábìlì dínà iwájú, kí oníbàárà lè rọra wọlé wá fọwọ́ kan aṣọ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ pa àdìrẹ ẹlẹ́kọ lára, ó ti fẹ́ẹ̀ rà á tán.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo kúrò ní Kubwa. Mo débẹ̀, ọmọkùnrin kan tó so káàdì mọ́rùn nawọ́: “Madam, ga shi nan,” òun nìyí lédè Hausa. Mo wò ó. Mo wo àwòrán inú fóònù. Mo tún wò ó.

Òpó kánópì ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Òpó irin, ó ki tó itan mi, ó dúró gbọnin láàárín gbùngbùn ìsọ̀ bíi baálé ilé. Kò sí lórí àwòrán o! Ẹ̀gbẹ́ tó ṣí, tí mo san àfikún lé lórí ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀, gbàǹgbà bíi bọ́ọ̀sì, ihò èéfín rẹ̀ kọjú sí aṣọ mi. Mo ní, “Ọmọ mi, kí lèyí?” Ó ní, “Ba matsala,” kò sí wàhálà. Ba matsala!

Ọ̀gá tó pín ìsọ̀ kò dé títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù. Ó yọ awò ojú, ó fọwọ́ gbá òpó pẹ́pẹ́ bí ẹni ń yẹ iṣu wò, ó ní, “Màmá, ẹ ẹ̀ rí i pé ẹ lè fi aṣọ kọ́ ọ?” Òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà lára Ìbàdàńdùn kò tíì tó mi ni? Mo ní kó gbé mi lọ sí ìsọ̀ kan tó ṣófo lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní ti àwọn èèyàn ńlá ni. Títí a fi kógbá wọlé, kò sí èèyàn ńlá kankan tó débẹ̀, àfi àwọn ọlọ́dẹ tó ń jókòó jẹ túwó níbẹ̀.

Mo bá fi aṣọ wé òpó. Kí n má purọ́, ó wuyì díẹ̀. Ìyá kan yà, ó wo òpó láti òkè dé ilẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, òrìṣà wo lẹ ń bọ níbí?”

Wọ́n kọ orúkọ ọjà mi sórí pátákó, wọ́n kọ ọ́ ní “ADARE”. Aṣọ tábìlì tí wọ́n fún mi, ọbẹ̀ ọdún tó kọjá ṣì wà lára rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kò sì tanná! Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ta aṣọ. Àwọn wo ni wọ́n sì gbé kọjú sí mi? Alágbo tó ní gbohùngbohùn, “basur, basur”, jẹ̀díjẹ̀dí lédè Hausa, láti àárọ̀ dalẹ́. Oníbàárà á bi mí ní iye, èmi á dáhùn, basur á gbé ìdáhùn lọ. Nígbà tí mo délé, aṣọ tí mo kó dà sílẹ̀ ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ẹni tó ya àwòrán yẹn kò pàtẹ ata rí láyé rẹ̀. Kó wá jókòó sídìí òpó mi fún ọjọ́ kan péré, kó ta ẹyọ ìró kan, kí n rí i.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kúkú fún mi ní orí Àpáta Zuma. N ó fi Ìbàdàńdùn bò ó lójú, gbogbo ẹni tó ń ti Kaduna bọ̀ á rí i láti ojú títì. Kò sí òpó níbẹ̀. Iye tí kọ́nà písì ibẹ̀ jẹ́ ni kí ẹ tètè fi ránṣẹ́.