Òkun tó sá lọ ní Zanzibar: ta ló jẹ̀bi?

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò: Ẹ kú ilé o. Ẹjọ́ ni mo mú wá. A sanwó ilé ìtura kan ní Paje, ní ìlà-oòrùn erékùṣù Unguja ní Zanzibar, nítorí àwòrán omi aláwọ̀ aró tí wọ́n fi hàn wá. Alẹ́ la dé. Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí fèrèsé, òkun ò sí! Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló lọ rẹrẹ. Mo rìn títí, omi ò kọjá orúnkún mi. Ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn?

Dèjì Ọmọ Odò: Ẹ̀tàn kọ́, omi fà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, àsìkò rẹ̀ sì ń fi bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Ilẹ̀ òkun ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ibi àpáta iyùn tí ìgbì ti ń fọ́ lókèèrè. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, yóò jìnnà gan-an. Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé òṣùpá ti kún nígbà tí ẹ lọ, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò: Àrànmọ́jú ni lóòótọ́! Awo ni yín ni?

Dèjì Ọmọ Odò: Háà, awo kankan ò sí níbẹ̀. Tí oòrùn, ayé àti òṣùpá bá tò sójú ìlà kan, oòrùn àti òṣùpá á jọ máa fa omi pọ̀. Omi á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, tí òṣùpá ku ààbọ̀, ẹ ò ní rí i kó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Kúnlé Àríwá: Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ tún gbọ́dọ̀ máa ka òṣùpá? Nungwi tàbí Kendwa ni kẹ́ ẹ lọ, ní àríwá. Omi ò fi bẹ́ẹ̀ fà jìnnà níbẹ̀. Paje dára fún àwọn tó ń di ìgbòkùn mọ́ra kí atẹ́gùn lè máa wọ́ wọn lórí omi. Ẹ̀yin yòókù ẹ kàn ń fowó ṣòfò ni.

Ìyá Táyé: Kúnlé, ọmọ mi, ṣé ìwẹ̀ nìkan lòkun wà fún? Nígbà tí omi bá fà gan-an ni àwọn obìnrin Paje àti Jambiani máa ń jáde lọ sóko. Koríko òkun ni wọ́n ń gbìn. Wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n á ta okùn sáàárín, wọ́n á so koríko mọ́ ọn, omi á padà wá bò ó. Nǹkan tí wọ́n ń yọ nínú rẹ̀ ló ń mú ọṣẹ ìfọyín àti áísìkiriìmù ki. Ibi tí Àdùkẹ́ pè ní ẹrẹ̀ yẹn, oko ẹlòmíì ni. Òkun sì ti ń gbóná jù fún èyí tó lówó lórí jù nínú koríko náà. Ìyẹn ló yẹ ká máa bínú sí.

Kúnlé Àríwá: Ẹ má bínú, mà. Mi ò bú oko ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sanwó torí àtilúwẹ̀ẹ́ ni mò ń sọ.

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò: Ẹ ṣeun, Ìyá Táyé, mi ò mọ̀. Àmọ́ ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi mọ̀ pé omi ń fà. Kí ló dé tó jẹ́ àwòrán ìgbà tó kún nìkan ló fi hàn mí?

Dèjì Ọmọ Odò: Ibẹ̀ yẹn lẹ ti mú mi. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Tolú Ẹlẹ́rìn-ín: Ẹ fi ìjà sílẹ̀ jàre. Ẹ lọ sí Kizimkazi ní gúúsù, kẹ́ ẹ bá dọ́fíìnì lúwẹ̀ẹ́. Kò sóhun tó dùn tó o!

Dèjì Ọmọ Odò: Tolú, ó dùn mọ́ ìwọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ọkọ̀ mọ́kànlá ni mo kà tó ká agbo dọ́fíìnì kan mọ́, bí wọ́n ṣe ń sá lọ síbí lọkọ̀ ń lé wọn, táwọn èèyàn ń já lu omi níwájú wọn. Àwọn onímọ̀ tó ṣọ́ wọn rí i pé ọkọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ojú tì mí pé mo sanwó fún un.

Tolú Ẹlẹ́rìn-ín: Ọkọ̀ tiwa jìnnà sí wọn díẹ̀ o... Ó dáa, mo gbọ́.

Bàbá Àgbà Inú Igbó: Gbogbo yín ń pariwo òkun, ẹnì kankan ò dárúkọ igbó Jozani. Ọ̀bọ pupa kan wà níbẹ̀, Zanzibar nìkan ló ti ṣẹ̀ wá láyé yìí. Ewé ló ń jẹ. Àwọn tó ń gbé létí oko máa ń jẹ ewé máńgòrò, wọ́n á wá jí èédú jẹ lé e, kí májèlé inú ewé má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Èmi tí mo ti rí èyí fojú ara mi, kí ni mo tún ń wá létí omi?

Kúnlé Àríwá: Bàbá, ọ̀bọ tó ń lo oògùn!

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò: Èyí wù mí o. Mo fẹ́ padà lọ. Ìyá Táyé, bí mo bá fẹ́ tẹ̀ lé àwọn obìnrin yẹn dé oko, kí ni kí n mú dání?

Ìyá Táyé: Kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, má sì yọ fóònù sí wọn lójú. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù lábúlé wọn, da aṣọ bora tó o bá ti kúrò létí omi. Wọ bàtà tó ṣe é wọ̀ sínú omi: nǹkan dúdú ẹlẹ́gùn-ún kan bí òòrẹ̀ kékeré wà láàárín òkúta, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n.

Dèjì Ọmọ Odò: Kẹ́ ẹ sì wo òṣùpá kẹ́ ẹ tó sanwó o.

Kúnlé Àríwá: Tí omi bá tún sá, ẹ pè mí ní Nungwi. Inú rẹ̀ ni mo wà.