Gbogbo Ẹ̀ Bára Mu, Ó Ku Ẹbí

Ẹ yà sí òde ìgbéyàwó kan l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ rí ìbáramu. Gèlè bá bàtà mu, bàtà bá báàgì mu, báàgì bá èékánná mu, èékánná bá abẹ̀bẹ̀ mu. Kéèkì wọ àǹkóò. Ike tí wọ́n ń pín fún àlejò wọ àǹkóò. Ẹran nìkan ló gbé àwọ̀ tirẹ̀ wá, a ò tíì mọ ohun tí ìgbìmọ̀ máa fi í ṣe.

Ìgbìmọ̀ wà o, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Wọ́n á fi fọ́tò aṣọ ránṣẹ́, wọ́n á kọ iye rẹ̀ àti nọ́ńbà báńkì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fi "Ọlọ́run á ṣe tiyín náà" bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ ra tiyín ní Gbági torí pé ó dínwó díẹ̀. Ojú ìyá ìyàwó mú ju ti kọ́sítọ́ọ̀mù lọ.

Aṣọ ẹbí náà sì ni! Láti àwọn ọdún 1960 làwọn ará Lustenau ní Ọ́stríà ti ń gún iṣẹ́ sí léèsì fún ọjà Nàìjíríà. Wọn ò mọ bàbá ìyàwó rí, síbẹ̀ ọwọ́ wọn wà níbi ìnáwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ojúlé kejì ni ìwé ìpè ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: kò tíì sanwó aṣọ.

Bàbá àgbà tó wọ agbádá ẹtù, tó dé fìlà àlàárì, ta ló lé e lóde nígbà náà? Aró pẹ̀lú pupa! Lónìí, wọ́n á ní ó ṣìnà ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìdí fọ́tò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọn ò kíra láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ilé bàbá wọn, wọ́n á dúró léjìká-léjìká, gèlè ń kan gèlè. Ayafọ́tò á ní, "Ẹ sún mọ́ra, mọ́mì." Wọ́n á sún mọ́ra. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bó bá ti yà á tán, kálukú á gba orí tábìlì tirẹ̀ lọ.

Àǹtí kan wà tó sanwó ilé-ìwé ọkọ ìyàwó títí tó fi jáde yunifásítì. Aṣọ tiẹ̀ fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ẹbí lọ. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí. Nígbà tó wá kan owó níná, alága ìjókòó fúnra rẹ̀ ló lọ fà á jáde. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá náírà bá gèlè mu.