Ọkọ̀ ojú omi ara àpáta Íjíbítì kì í ṣe ẹ̀rí àjèjì

Wọ́n ń pín in kiri pé àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn Íjíbítì fi hàn pé àwọn ará Mesopotámíà (ilẹ̀ Ìráàkì òde òní) ló wa ọkọ̀ gbé ọ̀làjú wá síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Hans Winkler, ará Jámánì tó wá àwọn àwòrán náà kiri láàárín 1936 sí 1938, ló rí ọkọ̀ tí imú rẹ̀ nà ró ṣánṣán, tó ní ti àjèjì ni. Iṣẹ́ ribiribi ló ṣe, àmọ́ ìtumọ̀ yẹn kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ wo ìkòkò Naqada, tí àwọn ará etí odò Náílì mọ ní nǹkan bí 5,500 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ya ọkọ̀ sí i lára: ó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun, àjẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀, ahéré méjì wà láàárín. Irú rẹ̀ gan-an ló wà lára àpáta. Ní ibojì kan ní Hierakonpolis, ìlú àtijọ́ kan ní Íjíbítì, ọkọ̀ funfun márùn-ún àti dúdú kan tí imú rẹ̀ ga wà lára ògiri kan ṣoṣo, nítorí náà ọkọ̀ tí imú rẹ̀ ga kò ní láti jẹ́ ti àjèjì.

Òótọ́ ni pé ọjà Mesopotámíà dé Íjíbítì, ṣùgbọ́n òwò kì í ṣe ìṣẹ́gun. Ó sì dùn mí pé a ń gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Dufuna, tí wọ́n rí ní Yobe níbí ní 1987, ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún.