Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Aṣọ tí ènìyàn kò bá ní nínú àpótí rẹ̀, kò sí bí yóò ṣe rí i wọ̀ jáde, àfi bí ó bá lọ yá tẹlòmíràn. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ẹ̀wẹ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Nínú gbogbo òwe tí Kristẹni lè fi yẹ ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ wò, n kò mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ náà mu ju èyí lọ, nítorí pé ilé ìsìn gan-an ni òde tí òwe náà ń sọ fún wa. Inú ilé wa àti ibi iṣẹ́ wa ni ó yẹ kí a ti máa kó ẹ̀ṣọ́ tí a ń wọ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ wo Dọ́kásì ará Jọ́pà, tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Nígbà tí ó kú, tí Pétérù sì dé, àwọn opó tó ń sunkún kò ròyìn bí ó ṣe máa ń gbàdúrà tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ṣiyèméjì pé aládùúrà ni. Ẹ̀wù àti aṣọ tó rán nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n gbé jáde, tí wọ́n sì ń fi han àpọ́sítélì náà. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́rìí rẹ̀.

Nínú Kólósè 3:23, Pọ́ọ̀lù ní kí a máa fi tọkàntọkàn ṣe ohunkóhun tí a bá ń ṣe, bí ẹni tó ń ṣe é fún Olúwa. Ẹrú ló ń bá wí níbẹ̀, àwọn tí ẹlòmíràn ń jẹ èrè iṣẹ́ wọn, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é ní àrójúṣe. Bí a bá sọ èyí fún ẹrú, kí ni kí ẹni tó ń gba owó oṣù wí? Òṣìṣẹ́ tó ṣí Bíbélì sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ lásìkò iṣẹ́, nígbà tí ẹni tó wá gba ìwé ti ń dúró láti àárọ̀, lè rò pé òun ń bọlá fún Ọlọ́run. Èmi kò kà á sí ìjọsìn rárá. Ọ̀rọ̀ kan náà kan ọ̀gá. Deutarónómì 24:15 pàṣẹ pé kí oòrùn má wọ̀ bá owó alágbàṣe lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́, wòlíì Àìsáyà sì bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ wí, nítorí pé ní ọjọ́ ààwẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára.

Síbẹ̀, inú ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. A lè rí ọkùnrin tó ń bá pásítọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, tó ń sọ pé "àmín, bàbá," tí yóò sì gbé fóònù sílẹ̀ tán, tí yóò jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí kọ́kọ́rọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé ibi tó fi sí. Àwọn ọmọ tó jókòó síbẹ̀ gbọ́ ohùn méjèèjì, wọ́n sì mọ èyí tí í ṣe ti ilé. Abájọ tí Tímótì Kìíní orí 3 fi béèrè pé, ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣe àkóso ilé ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe lè tọ́jú ìjọ Ọlọ́run?

Ohun tí mo gbà wá níyànjú láti kọ́kọ́ ṣe ni kí a kọ́ bí a ti ń tọrọ àforíjì nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí a bí. Ó nira fún òbí púpọ̀, wọ́n rò pé yóò tẹ́ àwọn lójú ọmọ. Ṣùgbọ́n Jésù ní kí ẹni tó bá rántí pé arákùnrin rẹ̀ ní ohun kan sí òun fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ìyàwó tí a jágbe mọ́ láàárọ̀ wà lára àwọn tí àṣẹ yìí kàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí a nà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.