Àtúnṣe lórí Ogun Òpó Ọkọ̀
Ẹ kọ ọ́ pé iná olómi, èyí tí à ń pè ní iná Gíríìkì, ni Ilẹ̀ Ọba Byzantium fi ṣẹ́gun àwọn Lárúbáwá nínú Ogun Òpó Ọkọ̀, ogun orí òkun tí àwọn méjèèjì jà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní etíkun Lycia, ní gúúsù Tọ́kì òde òní, ní nǹkan bí ọdún 655, àwọn Lárúbáwá ló borí. Òpìtàn Theophanes sọ pé ńṣe ni Ọba Constans Kejì ti Byzantium, tó fúnra rẹ̀ kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ jà, pààrọ̀ aṣọ pẹ̀lú ẹlòmíràn kó tó rí ọ̀nà sá lọ. Iná yẹn kò tíì sí: nǹkan bí ọdún 672 ni Kallinikos, ọ̀mọ̀lé kan, gbé e wá láti Síríà. Ọkọ̀ ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n sì fi idà jà. Àwọn Kristẹni ọmọ Íjíbítì wà lára àwọn tó tu ọkọ̀ àwọn Lárúbáwá, ó sì dùn mí pé a kì í sábà dárúkọ wọn.