Ẹ Má Fi Ránṣẹ́ Sí Mi Mọ́!

"Fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí oríire tó wọlé." Ní kùtù hàì! Ẹ̀yin àǹtí àti bọ̀dá inú gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp, ṣé ẹ kì í ka nǹkan kí ẹ tó tì í síwájú ni? Àlùbọ́sà ń wo jẹjẹrẹ, omi gbígbóná ń wo àtọ̀gbẹ, báńkì fẹ́ ti gbogbo àkáǹtì pa lọ́la. Ọ̀la wo? Láti èṣí!

Ṣé a ti gbàgbé 2014 ni? Wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká tún mu ún, kí Ebola má bàa mú wa. Àwọn kan mu ún, wọ́n kú, ní Nàìjíríà níbí. Iyọ̀ ọbẹ̀ lásán! Ní 2020, WhatsApp fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó bá ti rìn jìnnà, ẹnì kan tàbí gúrúùpù kan ṣoṣo lẹ lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Kí làwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe? Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà!

Mo mọ̀, ibẹ̀ náà la ti dáwó ìsìnkú bàbá. Ẹ ṣeun. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a, àmọ́ irọ́ tiyín yìí, òótọ́ ò ní dátà tó máa fi lé e!

Mo ti kúrò ní gúrúùpù. Ẹni tó bá bímọ, kó pè mí.